Wákàtí tí òǹwòran kì í rí

Ijó òde-òní tí ẹ wò fún wákàtí kan lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó ti jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí nínú yàrá tí òǹwòran kankan kò sí. Ibẹ̀ ni owó ti ń tán, ibẹ̀ ni orúnkún ti ń yẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni gbọ̀ngàn ijó tí kò wá èrè ti wúlò jù. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aṣẹ̀dá ijó ni kò ní ilé tó lè gba oníjó mẹ́fà kí wọ́n fò sókè láì forí gbá àjà. Tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá gbọ̀ngàn kan ń ti àwọn aṣẹ̀dá ijó lẹ́yìn lóòótọ́, ìwé ìpolówó eré kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Ìwé tí wọ́n fi ń pín wákàtí yàrá rìháásà, ibi tí wọ́n ti ń fi ijó dánra wò, ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní owó tíkẹ́ẹ̀tì kan bá owó iṣẹ́ wákàtí kan fún oníjó kan dọ́gba. Gbọ̀ngàn oníjòkòó 100 tó kún fọ́fọ́ fún alẹ́ mẹ́ta yóò pa owó tíkẹ́ẹ̀tì 300. Oníjó mẹ́fà tó ṣe rìháásà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ní wákàtí 20 lọ́sẹ̀, ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 480. Gbèsè wákàtí 180 ti wà nílẹ̀ kí a tó kan oníná, ẹni tó ṣe ohùn, ẹni tó rán aṣọ àti ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aṣẹ̀dá ijó fúnra rẹ̀ kò tíì gba kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìjókòó kún o! Tí a bá sọ owó tíkẹ́ẹ̀tì di ìlọ́po mẹ́ta, àwọn tí ijó náà ń bá sọ̀rọ̀ gan-an ni kò ní lè wọlé. Tí a bá gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ńlá, iṣẹ́ tí wọ́n dá kí ènìyàn lè rí bí ìka ẹsẹ̀ ṣe ń mì yóò di kòkòrò lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìdí nìyẹn tí irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ fi ń gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ bí àjọ tí kò wá èrè. Ní Amẹ́ríkà, ìlà òfin owó-orí tí wọ́n ń pè ní 501(c)(3) ló gba ọ̀pọ̀ nínú wọn láyè: wọn kì í pín èrè fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì ta wọ́n lọ́rẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tí yóò san owó-orí lé lórí. Owó ìjọba, owó àjọ olóore àti ọrẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń dí ihò tí tíkẹ́ẹ̀tì kò lè dí. Tí owó bá ṣẹ́ kù lópin ọdún, inú iṣẹ́ ló ń padà sí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kàn, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n ń jó lé lórí. Ẹ lè fi ara yín dán an wò: ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹlòmíì fò sókè ní nǹkan bíi mítà méjì sí yín. Tí àtẹ́lẹsẹ̀ yín bá gbọ́ ìmìrì díẹ̀, nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gba agbára. Tí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan àfi ìró gbì, kankéré ni wọ́n tẹ́ rọ́bà lé, bó ti wù kó máa dán tó. Ilẹ̀ tó dára ní ìpele. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni rọ́bà tàbí fóòmù kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n á to igi wọ̀nyí ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta, tí èyí tó wà lókè ń dábùú èyí tó wà nísàlẹ̀, kí fóòmù ìpele kan má sì ṣe bọ́ sórí ti èkejì gẹ́lẹ́, nítorí tó bá bọ́ sórí ara wọn, ibẹ̀ yóò le bí òkúta. Pílíwúùdù ìpele méjì ló tẹ̀lé e, tí ojú ìsopọ̀ ti òkè kò bá ti ìsàlẹ̀ mu. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ rọ́bà ijó tí gbogbo ayé ń pè ní marley sí.

Ìlànà ilẹ̀ eré ìdárayá ti Yúróòpù, EN 14904, ní kí ilẹ̀ gba ó kéré tán 25% nínú agbára tí ara fi balẹ̀, kó má sì ju 75% lọ. Ẹ kíyè sí òpin tòkè yẹn. Ilẹ̀ tó rọ̀ jù kò sàn ju èyí tó le lọ: iṣan ẹsẹ̀ á máa wá ibi tí yóò ti ta ara rẹ̀ sókè, yóò sì tètè rẹ̀ ẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ á sì máa yí nígbà tí oníjó bá ń yípo lórí ẹsẹ̀ kan. Kankéré ní tirẹ̀ máa ń kó ìrora sí ojúgun, lẹ́yìn náà sí orúnkún, lẹ́yìn náà sí ìbàdí. Oníjó tó bá sì ṣe ojúgun léṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì rìháásà, ijó náà ti yí padà nìyẹn, nítorí kò sí owó tí wọ́n fi máa mú ẹlòmíì wá kọ́ ipa rẹ̀.

Marley ní àrùn tirẹ̀. Ẹ tú u sílẹ̀ ní wákàtí 24 kí ẹ tó fi tẹ́ẹ̀pù dè é, kó lè gba ìgbóná yàrá náà kó sì na ara rẹ̀ tán. Tí wọ́n bá fi ìkánjú dè é ní àárọ̀ òtútù, nígbà tí iná ìtàgé bá mú un gbóná lálẹ́ yóò wú bí àkàrà, ẹsẹ̀ yóò sì kọ́ ibẹ̀. Láti àárín ni kí ẹ ti máa fà á lọ sí etí. Tẹ́ẹ̀pù rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ ijó ni kí ẹ lò. Tẹ́ẹ̀pù aláṣọ tí àwọn oníná fi ń de wáyà máa ń fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀, gọ́ọ̀mù yẹn ló sì máa ń di ẹsẹ̀ lásán mú nígbà tí oníjó bá fẹ́ yọ̀ kọjá. Omi àti ọṣẹ tí kò le ni wọ́n fi ń nù ún. Ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù kì í ṣe bàtà bí kò ṣe ìpara tí àwọn oníjó fi pa ẹsẹ̀ kí wọ́n tó jáde nílé: ojú kan ṣoṣo tí òróró kan ti tó láti gbé ènìyàn ṣubú. Gbọ̀ngàn tó bá sì ń fi àyè rẹ̀ gba owó àríyá ní òpin ọ̀sẹ̀ (púpọ̀ ń ṣe é, n kò bá wọn jà), kí ó ká marley kúrò kí àga onírin tó wọlé. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ilẹ̀ tó yàtọ̀ sí gbogbo èyí wà ní Toubab Dialaw ní Senegal, níbi tí Germaine Acogny àti Helmut Vogt ti dá École des Sables sílẹ̀ ní 1998. Iyanrìn ni ilẹ̀ yàrá ijó kan níbẹ̀. Acogny fúnra rẹ̀, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ni wọ́n ti bí i ní 1944, olórìṣà ọmọ Yorùbá sì ni ìyá rẹ̀ àgbà. Iyanrìn kì í jẹ́ kí ènìyàn purọ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: ibi tí ara bá tẹ̀ sí ni yóò kọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ilẹ̀, wákàtí. Residency ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ìgbà tí gbọ̀ngàn bá fi yàrá lé aṣẹ̀dá ijó lọ́wọ́ fún iye ọjọ́ kan, pẹ̀lú owó. Gbọ̀ngàn méjì lè jọ sọ pé àwọn ń fúnni ní wákàtí 60, kí ọ̀kan sì jẹ́ ẹ̀tàn. Ẹ wò ó: tí wọ́n bá pín 60 yẹn sí ọgbọ̀n ọjọ́, wákàtí méjì méjì, ojoojúmọ́ ni oníjó yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 mú ara gbóná, tí yóò sì fi 15 palẹ̀ ẹrù mọ́. Ìṣẹ́jú 40 lọ́nà ọgbọ̀n, wákàtí 20 ti wọmi. Tí ó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá, wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, ìṣẹ́jú 400 péré ló lọ, kò tó wákàtí méje. Yàtọ̀ sí ìṣirò, èrò tó wá ní wákàtí kẹrin kì í wá ní wákàtí kejì. Ara ní láti rẹ̀ díẹ̀ kí àṣà tí oníjó ti mọ̀ ọ́n ṣe tó tú kúrò lára rẹ̀.

Nǹkan kéékèèké ló máa ń ba residency jẹ́. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹnì kan ṣoṣo ní, tí ẹni náà kì í sì í wá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀rọ amúlégbóná tí wọ́n ń pa ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nígbà òtútù, bẹ́ẹ̀ yàrá tí kò tó ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius kò dára fún iṣan tó ń ṣiṣẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n ó kó ẹrù sí, nítorí náà àwọn oníjó ń gbé àpótí kan náà wọlé jáde lójoojúmọ́. Èyí tó burú jù ni kí gbọ̀ngàn fún aṣẹ̀dá ijó ní yàrá ọ̀fẹ́ láì fún un lówó tí yóò fi san oníjó. Ní ọ̀sàn, ọ̀kan á ní òun ń lọ kọ́ kíláàsì níbìkan, èkejì á ní iṣẹ́ ilé oúnjẹ ń dúró de òun, ẹni mẹ́ta ló kù nínú ijó ẹni mẹ́fà. Kí wọ́n má sì sọ ìfihàn ìparí di dandan. Tí aṣẹ̀dá ijó bá mọ̀ pé àwọn olówó ń bọ̀ wá wòran lọ́jọ́ kẹwàá, láti ọjọ́ kẹfà ni yóò ti dẹ́kun wíwá, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tò.

Èyí kì í ṣe èrò tuntun. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, 1962, àwọn ọ̀dọ́ tó jáde láti inú kíláàsì dídá ijó tí Robert Dunn ń kọ́ ṣe àṣálẹ́ ijó ní ilé ìjọsìn Judson Memorial ní New York, nítorí ìjọ náà gbà wọ́n láyè. Ní 1965, Jeff Duncan, Jack Moore àti Art Bauman dá Dance Theater Workshop sílẹ̀ ní ìlú kan náà, kí àwọn aṣẹ̀dá ijó lè máa gbé iṣẹ́ ara wọn jáde. Ní 2011 ni ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ijó Bill T. Jones, tó sì di New York Live Arts. Danspace Project bẹ̀rẹ̀ ní 1974 nínú ilé ìjọsìn St. Mark's. Ohun tó jọra nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé àwọn oníjó ló kọ́kọ́ nílò yàrá. Ilé-iṣẹ́, ọ́fíìsì àti ìgbìmọ̀ alábòójútó wá lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ló ti gbàgbé bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn.

Ìwé àdéhùn. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Nínú ọ̀kan, gbọ̀ngàn ń san iye kan pàtó yálà òǹwòran wá tàbí kò wá. Nínú èkejì, wọ́n jọ ń pín owó ẹnu ọ̀nà. Gbọ̀ngàn tó bá ní òun kò wá èrè, tó sì ń pín owó ẹnu ọ̀nà nìkan láì fi iye kan gúnlẹ̀, ti di ewu náà lé ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a lórí. Kí ìdajì owó wọlé nígbà ìfọwọ́síwèé, kí ìyókù sì wọlé kó tó di alẹ́ àkọ́kọ́, torí pé gbèsè rìháásà kì í dúró de eré. Ẹ wo ìlà tó sọ ẹni tí yóò san wákàtí tó bá lé, ohun tí wọ́n yóò san tí eré bá fagi lé (ọdún 2020 ti kọ́ gbogbo wa), àti ìlà tó ní kí aṣẹ̀dá ijó má ṣe ijó náà níbòmíì nítòsí fún iye oṣù kan. Ìlà ìkẹyìn yìí kò pa ẹgbẹ́ ńlá lára. Ó lè pa aṣẹ̀dá ijó kékeré tó jẹ́ pé agbègbè kan ṣoṣo ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ wà.

Ọ̀sẹ̀ eré gan-an, kò ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lórí ìtàgé kí òǹwòran tó dé, wàhálà ibẹ̀ sì pọ̀. Gbọ̀ngàn ọlọ́gbọ́n ti gbé iná tó pọ̀ jù lọ kọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ ní oṣù kan ṣáájú, kó lè jẹ́ pé iná mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá péré ni aṣẹ̀dá ijó yóò fi kún un. Ijó wákàtí kan tó ní ìyípadà iná 40 ń fẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin láti darí iná, méjì láti jẹ́ kí oníjó mọ bí ìtàgé ṣe fẹ̀ tó, márùn-ún láti fi iná, ohùn àti ẹsẹ̀ bára mu, kí wọ́n tó jó o já lẹ́ẹ̀mejì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi oníjó dúró sójú kan fún wákàtí mẹ́rin ìdarí iná yẹn. Ara á tutù, wọ́n á sì ní kó fò. Kí ẹlòmíì dúró fún un. Iná ẹ̀gbẹ́ ló ń mú kí ara oníjó yọ, wọ́n sì máa ń gbé e sórí òpó ní ibi mẹ́ta: ìpele ojúgun, ti ìbàdí, ti orí. Ti ojúgun yẹn ló máa ń gba ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré jáde, ẹ fi fóòmù bo ìsàlẹ̀ òpó náà, kí ẹ sì fi tẹ́ẹ̀pù tó ń tàn nínú òkùnkùn sàmì sí i.

Fídíò kò ṣeé fojú fò. Òun ni ìwé ẹ̀rí tí aṣẹ̀dá ijó yóò fi wá iṣẹ́ míì, nítorí náà kí gbọ̀ngàn sanwó fún un, kó sì fún oníjó ní gbogbo rẹ̀. Kámẹ́rà kan yóò wà lójú kan tí yóò rí gbogbo ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkejì lè máa tẹ̀lé ojú àti ọwọ́. Ìṣòro tí mo rí jù ni pé wọ́n fi kámẹ́rà sílẹ̀ kó máa yan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀: tí aṣọ ẹ̀yìn bá funfun, aláwọ̀ dúdú yóò di òjìji. Kí ayàwòrán fi ọwọ́ tò ó, kó sì lo awọ oníjó fi wọn ìmọ́lẹ̀. Ó tún ní èrè nínú òfin. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, 1978 ni òfin ẹ̀tọ́ àṣẹ̀dá ti Amẹ́ríkà ti dárúkọ ijó pàtó, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà lórí nǹkan tó ṣeé rí, bíi fídíò tàbí àkọsílẹ̀ ẹsẹ̀ ijó. Ijó tó wà nínú orí nìkan, kò ní olúwa lábẹ́ òfin yẹn. Ẹ tún rántí pé àṣẹ tí gbọ̀ngàn ní láti lo orin nínú ilé kò kan gbígbé fídíò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ni orin àti ẹni tó ni gbígbà-sílẹ̀ rẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n bá ní “àwùjọ”, ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn a máa rò pé àdúgbò nìkan ni. Àwọn oníjó fúnra wọn ni àwùjọ àkọ́kọ́. Kíláàsì àárọ̀ tí kò wọ́n, tó ń wáyé ní ọjọ́ àti wákàtí kan náà lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ló ń so wọ́n pọ̀ ju ayẹyẹ èyíkéyìí lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ta ló ń wá oníjó. Ní 1982, Ishmael Houston-Jones kó àwọn aṣẹ̀dá ijó aláwọ̀ dúdú tí iṣẹ́ wọn kò bá ojú ọ̀nà tí ayé là sílẹ̀ fún “ijó aláwọ̀ dúdú” mu jọ ní Danspace, ó pe ọ̀wọ́ eré náà ní Parallels. Ní 2012 wọ́n pè é padà láti tún ìbéèrè yẹn gbé dìde. Ohun tí gbọ̀ngàn ṣe nígbà méjèèjì ni pé ó gbé yíyàn eré lé oníjó lọ́wọ́. Kò ná wọn lówó púpọ̀, síbẹ̀ àwọn tí kì í bá ti wọlé wọlé.

Àdúgbò wá. Kíláàsì tí ẹnikẹ́ni lè wá, ìṣẹ́jú 75, láì bèèrè ìrírí, kí olùkọ́ rẹ̀ gba owó kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń kọ́ àwọn oníjó. Ẹ má ṣe fi í há aṣẹ̀dá ijó lọ́wọ́ bí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nítorí pé ẹni tó fún gbọ̀ngàn lówó ń béèrè iye ènìyàn tí wọ́n kàn lára. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ pátápátá ní ewu kan: ènìyàn á gbà á sílẹ̀, kò ní wá, ìjókòó á ṣófo, àwọn tó fẹ́ wọlé á ti padà lọ. Ẹ jẹ́ kí kálukú san ohun tó bá lè san, kí ẹ sì dá àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà lóhùn ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Fún àwọn afọ́jú, ẹ pè wọ́n wá ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan aṣọ, kí wọ́n rìn lórí ilẹ̀ náà, kí oníjó kan ṣe ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin nítòsí wọn kí wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹni tí yóò máa ṣàlàyé fún wọn létí nígbà eré gbọ́dọ̀ ti wo rìháásà ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì. Ògbufọ̀ èdè àwọn adití ní láti wà níbi tí iná dé, èyí sì túmọ̀ sí pé oníná gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ ní ọjọ́ ìdarí iná, kì í ṣe ní aago méje alẹ́ eré. Fún àwọn tí ariwo àti òkùnkùn ń dà láàmú, ẹ ṣe eré kan tí iná kò ní kú tán, tí ohùn rọlẹ̀, tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ jáde lè jáde kó sì padà.

Ibi tó nira jù ni nígbà tí aṣẹ̀dá ijó bá fẹ́ fi àwọn ará àdúgbò sínú ijó náà. Ó ń fa ojú mọ́ra, àwọn olówó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n rìháásà ọ̀sán kò bá ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ mu, kí wọ́n fi sí ìrọ̀lẹ́, kí àyè wà tí ẹnì kan ń bójú tó àwọn ọmọdé. Kí wọ́n sanwó, bó ti wù kó kéré tó. Kí wọ́n sì sọ ọjọ́ tí yóò parí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbànújẹ́ tó máa ń wà ni pé ogún ènìyàn á ti fi oṣù mẹ́ta sọ gbọ̀ngàn di ilé, eré á parí lọ́jọ́ Àìkú, ní ọjọ́ Ajé kò sẹ́ni tó pè wọ́n mọ́. Kíláàsì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni kó ti wà lórí ìwé kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Gbígbé ijó lọ sí ìlú míì náà ṣe kókó. Ní 1985, David White ti Dance Theater Workshop dá National Performance Network sílẹ̀, kí gbọ̀ngàn kéékèèké ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè jọ gbé oníṣẹ́ kan. Ó bọ́gbọ́n mu: ijó tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin dá, tí wọ́n sì jó fún alẹ́ mẹ́ta, owó rẹ̀ ti wọ́n kọjá ààlà. Tí ó bá dé ìlú mẹ́rin, owó rìháásà kan náà ló ti pín sí méjìlá. Nítorí náà ẹni tó bá ń yan eré ní gbọ̀ngàn kan yẹ kó máa gbé fóònù pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú míì, kó pe òǹyàn méjì wá wo alẹ́ kejì (kì í ṣe àkọ́kọ́, ara kò tíì balẹ̀), kó sì fi fídíò ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Lálẹ́ tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí òǹwòran ti lọ, wọ́n á bọ́ tẹ́ẹ̀pù, wọ́n á nu marley lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á sì ká a mọ́ páìpù rẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́po. Ẹ fi nọ́ńbà sí ìdí ìká kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé iye tó bá jẹ́, pẹ̀lú ọfà tó ń tọ́ka sí iwájú ìtàgé. Ẹni tó ń bọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò tẹ́ ẹ bó ti wà tẹ́lẹ̀.